Kílọ́ọ̀ṣì, jíà àti etí awakọ̀: ohun tí mo mọ̀ nípa wíwa ọkọ̀ mánúà àtijọ́

Orí ohun kan ṣoṣo ni wíwa ọkọ̀ mánúà, ìyẹn ọkọ̀ tí awakọ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí jíà, dúró lé: kí yíyí ẹ́ńjìnnì àti yíyí taya bára mu kí ẹ tó so wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá ti mú èyí dání kò ní fọ́ eyín jíà, kò ní jó kílọ́ọ̀ṣì (ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà, tó sì ń tú wọn), ọkọ̀ rẹ̀ kò sì ní máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ nígbàkígbà tó bá fẹ́ gbéra. Ọkọ̀ òde òní máa ń bo àṣìṣe awakọ̀ mọ́lẹ̀, nítorí kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ á fi epo díẹ̀ kún un bí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ kú. Ọkọ̀ oníkábúrétọ̀, èyí tí kábúrétọ̀ ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún láìsí kọ̀ǹpútà, kò ní irú olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ yín bá ṣe náà ni yóò ṣe, kò ní fi kún un, kò ní yọ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Fíláíwíìlì ni irin róbótó tó wúwo, tí wọ́n dè mọ́ ìdí ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, òun náà ń yí. Díísìkì kílọ́ọ̀ṣì wà lórí ọ̀pá tó wọ inú jíábọ́ọ̀sì, àpótí tí àwọn jíà wà nínú rẹ̀, lọ. Pírẹ́ṣọ̀ pléètì ló fi sípíríìnì líle tẹ díísìkì yìí mọ́ fíláíwíìlì. Bí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, rílíìsì bẹ́ríìnì á ti àwọn ìka sípíríìnì náà, díísìkì á bọ́ lọ́wọ́ ìtẹ̀mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì á wà lọ́tọ̀, jíábọ́ọ̀sì á wà lọ́tọ̀. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, wọ́n á tún di ọ̀kan. Àárín méjèèjì yìí, nígbà tí díísìkì ń yọ̀ lára irin tí kò tíì mú un gírígírí, nìkan ni ó ti ń jẹ, ìyẹn ni pé ó ń fẹ́lẹ́ sí i. Bí ẹsẹ̀ bá wà lókè pátápátá, díísìkì kò jẹ. Bí ó bá wà nílẹ̀ pátápátá, díísìkì kò jẹ náà, bẹ́ríìnì ló ń forí fá iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé ẹsẹ̀ òsì lé kílọ́ọ̀ṣì nígbà tí ọkọ̀ ń sáré. Ìwúwo ẹsẹ̀ lásán tó láti mú kí bẹ́ríìnì fara kan sípíríìnì, kí díísìkì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sílẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ òsì.

Kí ẹ tó ṣíná, ẹ fi ìjókòó sí ibi tí ẹsẹ̀ òsì yóò ti lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ìsàlẹ̀, tí orúnkún yóò ṣì tẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ lé e dé ìdí kò lè jọ̀wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ẹ yẹ rọ́ọ̀gì abẹ́ ẹsẹ̀ wò pẹ̀lú. Rọ́ọ̀gì tó ká sábẹ́ kílọ́ọ̀ṣì máa ń jí sẹ̀ǹtímítà 1 tàbí 2 nínú ìrìn rẹ̀, jíà á sì máa ké nígbà tí ẹ bá ń kì í bọlé. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fẹ́ sọ jíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ nítorí irú ariwo bẹ́ẹ̀, tó sì jẹ́ pé rọ́ọ̀gì ni wọ́n ní láti gbé kúrò.

Ẹ mi ọ̀pá jíà sọ́tùn-ún sósì kí ó dá yín lójú pé ó wà ní fíríì, kí ẹ sì tún tẹ kílọ́ọ̀ṣì bí ẹ ti ń ṣíná. Ọ́ìlì jíà máa ń ki nígbà tó bá tutù, tí ẹ kò bá sì tẹ kílọ́ọ̀ṣì, sítátà yóò máa fa ẹ́ńjìnnì, yóò sì máa fa ọ́ìlì kíki yẹn mọ́ ọn. Fún kábúrétọ̀ tí ṣókì rẹ̀ (ohun tó ń dín afẹ́fẹ́ kù kí epo lè pọ̀ sí i) jẹ́ àfọwọ́fà, ẹ fà á jáde pátápátá bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ẹ má tẹ tọ̀rótù (ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ń fún ọkọ̀ lépo), ẹ ṣíná. Bó bá ti gbà, ẹ tì í padà sí ìdajì, kí ẹ sì máa tì í wọlé díẹ̀díẹ̀ bí ara ẹ́ńjìnnì ti ń móoru. Ṣókì tí wọ́n gbàgbé síta ń fi epo fọ ọ́ìlì kúrò lára sìlíńdà, ó sì ń sọ pùlọ́ọ̀gì di dúdú. Bí òórùn epo bá gba inú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì kò sì ṣí, epo ti kún un nínú nìyẹn. Ẹ ti ṣókì wọlé, ẹ tẹ tọ̀rótù dé ìsàlẹ̀, ẹ dì í mú síbẹ̀ láìgbé e sókè, kí ẹ sì fi sítátà yí i fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10. Afẹ́fẹ́ á gbọn epo tó pọ̀ jù náà jáde. Bí ẹ bá ń tẹ tọ̀rótù tí ẹ ń jọ̀wọ́ rẹ̀, pọ́ǹpù inú kábúrétọ̀ á tún máa da epo sí i ni.

Gbígbéra ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kánjú. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú tí kò sí ọkọ̀, ẹ fi sí jíà kínní, kí ẹ sì jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì láìtẹ tọ̀rótù rárá. Níbi kan, ohùn ẹ́ńjìnnì á wálẹ̀ díẹ̀, bónẹ́ẹ̀tì á gbé orí sókè bíńtín, ọkọ̀ á sì fẹ́ yí. Ibẹ̀ ni kílọ́ọ̀ṣì ti ń mú. Ẹ dá ẹsẹ̀ dúró síbẹ̀ gan-an, ẹ má jọ̀wọ́ sí i, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ padà, títí ọkọ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìgbà náà ni kí ẹ tó jọ̀wọ́ èyí tó kù. Ìdádúró yìí kò ju ìṣẹ́jú àáyá 1 lọ, òun gan-an sì ni ìyàtọ̀ láàárín ọkọ̀ tó ń rọra gbéra àti èyí tó ń ta ènìyàn síwá sẹ́yìn. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti mọ ibẹ̀, ẹ lè fi tọ̀rótù díẹ̀ kún un, kí ẹ́ńjìnnì wà ní nǹkan bí 1,200 sí 1,500 RPM (iye ìgbà tó ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan). Ẹni tó gbé e dé 3,000 kó tó jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì ń fi díísìkì dáná ni, òórùn bíi ti bébà tó ń jó yóò sì fi tó o létí.

Lórí òkè, ẹ fa hánbúréèkì, ẹ fi sí jíà kínní, ẹ fi tọ̀rótù díẹ̀ sí i, ẹ jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì títí ohùn ẹ́ńjìnnì á fi wálẹ̀ tí ìdí ọkọ̀ á fi rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ó ti mú nìyẹn. Ẹ wá sọ hánbúréèkì sílẹ̀, ọkọ̀ kò ní yí padà sẹ́yìn. Ohun tí n kò fara mọ́ rárá ni kí ènìyàn máa fi kílọ́ọ̀ṣì àti tọ̀rótù gbé ọkọ̀ ró lórí òkè nígbà tí iná ojú pópó bá dá a dúró. Gbogbo ìṣẹ́jú yẹn ni díísìkì ń yọ̀, tí fíláíwíìlì sì ń gbóná débi tí ojú rẹ̀ á fi di aláwọ̀ búlúù. Hánbúréèkì ni iṣẹ́ yẹn tọ́ sí.

Rìfáásì yàtọ̀ díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, kò ní síńkírò (òrùka tó ń mú kí yíyí bára mu kí jíà tó wọlé), nítorí náà kò sí ohun tí yóò dá yíyí ọ̀pá inú jíábọ́ọ̀sì dúró. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró pátápátá, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ẹ tó fi sí i. Bó bá ṣì ń ké gààà, ẹ kọ́kọ́ kì í sí jíà kejì. Síńkírò jíà kejì á dá ọ̀pá náà dúró fún yín, ẹ ó sì lè tì í sí rìfáásì láìjọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Bí kò bá ké ṣùgbọ́n tí kò wọlé, eyín ló forí kan eyín: ẹ padà sí fíríì, ẹ jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ tún un tẹ̀, ẹ tún gbìyànjú. Fífi agbára tì í kò lérè.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí síńkírò ń ṣe, nítorí òun ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Òrùka idẹ ni. Bí ẹ ti ń ti ọ̀pá jíà, òrùka yìí á kọ́kọ́ há mọ́ ara jíà tí ẹ fẹ́ wọ̀, á fi ìháramọ́ra yẹn mú kí méjèèjì máa yí bákan náà, lẹ́yìn náà ni eyín á tó wọ inú eyín. Cadillac ló kọ́kọ́ fi síńkírò sínú ọkọ̀ tí wọ́n ń tà fún gbogbo ènìyàn, ní ọdún 1928, síbẹ̀ ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn ìgbà náà kí gbogbo jíà iwájú tó ní tirẹ̀. Bí Volkswagen oníjàpá ṣe pọ̀ tó, jíà kínní àwọn tó ṣáájú ọdún 1961 kò ní in. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í gba jíà kínní bí taya bá ń yí, àfi tí awakọ̀ bá fúnra rẹ̀ mú yíyí ẹ́ńjìnnì bá ti taya mu.

Òrùka náà nílò àkókò láti ṣiṣẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń gun jíà, ìrìn méjì ni kí ọwọ́ rìn: ẹ fà á jáde sí fíríì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú bíńtín, kí ẹ tó fi ìka mẹ́ta tì í síwájú. Ìka mẹ́ta tó. Bí ẹ bá rọra fi ìka tì í, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára ní àtẹ́lẹwọ́ pé ó kọ́kọ́ le díẹ̀, lẹ́yìn náà ó yọ̀ wọlé fúnra rẹ̀. Líle yẹn ni síńkírò tó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń gbá a wọlé kò fún un láyè, òrùka á sì jẹ títí tí kò fi ní lè há mọ́. Jíà kejì ló sábà máa ń kọ́kọ́ ké, torí pé àlàfo tó wà láàárín kínní àti kejì ló tóbi jù, òun náà ni wọ́n sì ń lò jù. Ní òwúrọ̀, kí ọ́ìlì tó móoru, ẹ máa ṣe sùúrù fún jíà kejì fún kìlómítà méjì mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí ẹ bá sì ti wọ jíà tán, ẹ gbé ọwọ́ kúrò. Fọ́ọ̀kì, irin tó ń ti jíà wọlé ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá jíà, kò gbọ́dọ̀ fara ti irin róbótó tó ń yí níbẹ̀. Ọwọ́ tó bá sinmi lé ọ̀pá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, á sì máa jẹ títí jíà yóò fi máa fò jáde.

Sísọ̀kalẹ̀ nínú jíà ni iṣẹ́ ti wà, ibẹ̀ náà sì ni adùn rẹ̀ wà. Ká ní ọkọ̀ ń sáré ní jíà kẹta, ẹ́ńjìnnì ń yí ní 2,000 RPM. Bí ìpín jíà kẹta (iye ìgbà tí ọ̀pá tó wọ jíábọ́ọ̀sì ń yí kí èyí tó jáde tó yí lẹ́ẹ̀kan) bá jẹ́ 1.4, tí ti kejì jẹ́ 2.1, ní eré kan náà yẹn jíà kejì ń béèrè 3,000 RPM. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ rí 1,000 yẹn gbà láti ibì kan. Bí ẹ kò bá fi tọ̀rótù fún un, taya ni yóò fi tipátipá fà á gòkè nípasẹ̀ síńkírò àti kílọ́ọ̀ṣì, orí ọkọ̀ á tẹ̀ síwájú gbì, àwọn méjèèjì á sì jẹ. Bí a ti ń fún un nìyí. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ fa jíà sí fíríì. Ẹ jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, ní fíríì. Ẹ ta tọ̀rótù lẹ́ẹ̀kan kí ohùn ẹ́ńjìnnì gòkè kọjá 3,000 díẹ̀. Ẹ tún tẹ kílọ́ọ̀ṣì kíákíá, ẹ ti jíà sí kejì, ẹ jọ̀wọ́. Ìdí tí a fi jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì ní fíríì ni pé bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tọ̀rótù kò ní kan ọ̀pá inú jíábọ́ọ̀sì. Ẹ́ńjìnnì nìkan ni yóò yí, eyín jíà á sì wà bó ti wà. Bí ó bá bọ́ sí i, jíà á wọlé láìsí ìtakò kankan, ẹni tó jókòó tì yín kò tilẹ̀ ní mọ̀. Bí ó bá ké, ẹ ta tọ̀rótù díẹ̀ jù tàbí ẹ pẹ́ jù kí ẹ tó ti jíà. Ọkọ̀ tí síńkírò kejì rẹ̀ ti kú ṣì lè rìn fún ìgbà pípẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ èyí ṣe.

Ewu kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń sáré lójú pópó mọ̀. Láti jíà kẹrin, bí ẹ bá fẹ́ wọ kẹta, ọ̀pá á gba àárín kọjá. Bí ọwọ́ bá fà á sí ọ̀dọ̀ ara yín, kínní ló máa wọ̀. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá wá jọ̀wọ́ ní 80 km/h, taya á fa ẹ́ńjìnnì kọjá ibi tí ó lè yí dé. Fáàfù lè gbá písítìnnì, díísìkì kílọ́ọ̀ṣì pàápàá lè fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹ la àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ bí ẹ ti ń tì í, kí ẹ jẹ́ kí sípíríìnì inú ọ̀pá gbé e sí àárín fúnra rẹ̀.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn tún jẹ́ ọ̀ràn. Ẹ yan jíà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ ṣì gbọ́ ti yín. Jíà tí ẹ máa fi gun òkè náà ni ẹ máa fi sọ̀ ọ́, nígbà mìíràn èyí tó kéré sí i. Búréèkì onídúrọ́ọ̀mù tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ń lò kì í tètè tutù: bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ láìdáwọ́ dúró, dúrọ́ọ̀mù á fẹ̀ nínú ooru, bàtà búréèkì á sì ní láti rìn jìnnà kó tó kàn án. Ọ́ìlì búréèkì náà máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Irú ọ́ìlì búréèkì tí wọ́n ń pè ní DOT 3, bí ó bá jẹ́ tuntun, kì í hó kí ó tó di nǹkan bí 205°C, ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọ̀ ọ́, 140°C ti tó. Ti DOT 4 jẹ́ 230°C àti 155°C. Ọ́ìlì tó bá hó á di afẹ́fẹ́, ẹsẹ̀ á sì rì dé ìsàlẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì. Kí ènìyàn fi jíà sí fíríì kí ọkọ̀ máa yí sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ nítorí àtitọ́jú epo, mi ò gbà á rárá. Epo tí a rí tọ́jú kò tó nǹkan, a sì ti sọ ìdúró tí ẹ́ńjìnnì ń bá wa ṣe nù. Pípa ẹ́ńjìnnì burú jùyẹn lọ, búréèkì tó ń lo ìrànlọ́wọ́ afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì á di líle bí òkúta.

Jíà tó ga jù fún eré ọkọ̀ náà ń ṣe ìpalára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í pariwo. Bí ẹ bá wà ní jíà kẹrin ní 30 km/h, tí ẹ sì tẹ tọ̀rótù dé ìsàlẹ̀, ara ọkọ̀ á máa gbọ̀n rìrì, ẹ́ńjìnnì á sì máa kan kìkìkì. Pọ́ǹpù ọ́ìlì kò yára yí ní ìgbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ẹrù tó wà lórí bẹ́ríìnì inú ẹ́ńjìnnì pọ̀. Ẹ sọ̀kalẹ̀ sí jíà kejì tàbí kẹta.

Ohun tí ó bà jẹ́ máa ń sọ ara rẹ̀ fún etí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ ní fíríì, tí ariwo bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, rílíìsì bẹ́ríìnì ni. Bí ariwo bá wà nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí kílọ́ọ̀ṣì, tí ó sì dákẹ́ bí ẹ ti tẹ̀ ẹ́, bẹ́ríìnì ọ̀pá àkọ́kọ́ inú jíábọ́ọ̀sì ni. Bí ó bá ń hu nínú jíà kan ṣoṣo, eyín jíà yẹn ló ti jẹ. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n bí ẹ ti ń gbéra, ẹ wo síìtìn ẹ́ńjìnnì (rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé) kí ẹ tó fẹ̀sùn kan kílọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà ẹ wo bóyá ọ́ìlì ń jò láti síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì (òrùka tó ń dí ọ́ìlì kó má jò) sórí díísìkì. Jíà tó ń fò jáde nígbà tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ̀rótù lè jẹ́ fọ́ọ̀kì tó jẹ, ó sì lè jẹ́ síìtìn tó ti já. Èyí tó rọrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Láti mọ̀ bóyá kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì móoru, ẹ wá ibi tó tẹ́jú tí ẹnikẹ́ni kò dúró níwájú ọkọ̀, ẹ fa hánbúréèkì, ẹ tẹ búréèkì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fi sí jíà kẹrin, ẹ gbé e dé nǹkan bí 1,500 RPM pẹ̀lú etí ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí ẹ sì jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kú lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ń yí lọ, díísìkì ti tán tàbí ọ́ìlì ti bà á. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣe é, torí pé ìdánwò náà fúnra rẹ̀ ń jó díísìkì tó ń yọ̀.

Kí ẹ tó ra díísìkì òmíràn, ẹ wọn àyè òfìfo orí kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ẹ fi rúlà wo bó ṣe rìn tó kí ó tó le. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníkébù, èyí tí okùn irin ń fa kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, mìlímítà 15 sí 25 ni, ìwé ọkọ̀ yín ni yóò sọ iye gan-an. Bí díísìkì ti ń jẹ ni àyè yìí ń dín kù. Bí kò bá sí àyè mọ́, bẹ́ríìnì á máa ti sípíríìnì nígbà gbogbo, díísìkì tó ṣì dára á sì máa yọ̀. Bí àyè bá pọ̀ jù, kílọ́ọ̀ṣì kò ní jọ̀wọ́ tán, jíà á sì máa ké. Ẹ lọ sí ìdí kébù lára jíábọ́ọ̀sì, ẹ fi sípánà kan di ọ̀pá rẹ̀ mú, ẹ fi òmíràn tú nọ́ọ̀tì ìlọ́kọ̀ (èyí tó ń di nọ́ọ̀tì àtúnṣe mú kó má yí), ẹ yí nọ́ọ̀tì àtúnṣe ní ìlàjì ìlàjì, ẹ tún wọ̀n ọ́n, kí ẹ tó fún nọ́ọ̀tì ìlọ́kọ̀ padà.

Ọkọ̀ tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń lo ọ́ìlì dípò kébù kì í sábà gba irú àtúnṣe yìí. Ìṣòro tirẹ̀ ni afẹ́fẹ́ àti jíjò. Ẹ ká rọ́bà ẹnu sìlíńdà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíábọ́ọ̀sì sókè. Bí ibẹ̀ bá tutù, síìlì inú rẹ̀ ti lọ. Láti yọ afẹ́fẹ́, ẹ fi rọ́bà tó mọ́ gaara sẹ́nu nípù (ẹnu kékeré tí a ń tú lára sìlíńdà náà), kí ìdí rẹ̀ wà nínú ìgò tí ọ́ìlì búréèkì díẹ̀ wà. Ẹnì kan á tẹ kílọ́ọ̀ṣì, á dì í mú. Ẹ tú nípù ní ìlàjì ìyípo, ẹ fún un padà kí onítọ̀hún tó gbé ẹsẹ̀. Ẹ máa ṣe é títí hóhò kò fi ní jáde mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọ́ìlì inú ìgò òkè, èyí tó ń fún kílọ́ọ̀ṣì lọ́ìlì, gbẹ. Bí ó bá ta sára ọ̀dà ọkọ̀, ẹ fi omi fọ̀ ọ́ kíákíá, ó ń bó ọ̀dà.

Nípa ọ́ìlì jíà, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n da èyí tí wọ́n bá rí sí i. Èyí tí wọ́n kọ GL-5, orúkọ irú ọ́ìlì jíà kan, sí lára dára fún dífúrẹ́ńṣà (jíà tó ń pín agbára fún taya), ṣùgbọ́n súfúrù tó pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń jẹ idẹ, idẹ sì ni òrùka síńkírò. GL-4 ni ọ̀pọ̀ jíábọ́ọ̀sì àtijọ́ ń fẹ́, tí kíki rẹ̀ jẹ́ 80W-90 tàbí 75W-90. Àwọn mìíràn yàtọ̀ pátápátá: ọ̀pọ̀ jíábọ́ọ̀sì Honda àtijọ́ ń lo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, Mini tó jáde ní 1959 sì jẹ́ pé ọ́ìlì kan náà ni ẹ́ńjìnnì àti jíábọ́ọ̀sì rẹ̀ jọ ń lò. Ẹ máa tú nọ́ọ̀tì ibi tí a ti ń rọ ọ́ìlì kí ẹ tó tú ti ìsàlẹ̀. Bí ti òkè bá ti dógùn-ún tí kò tú, tí ẹ sì ti da èyí tó wà nínú rẹ̀ nù, ọkọ̀ kò lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Ìyẹ̀fun dúdú tó lẹ̀ mọ́ irin òòfà nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ kò burú. Ohun tó ń tàn bíi wúrà nínú ọ́ìlì ni idẹ síńkírò. Ègé irin tí ìka lè mú ni eyín jíà. Ẹ rọ tuntun sí i títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán lẹ́nu ihò òkè, kí ọkọ̀ sì wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú.

Tí a bá ti sọ jíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ nítorí kílọ́ọ̀ṣì, ẹ pààrọ̀ díísìkì, pírẹ́ṣọ̀ pléètì àti rílíìsì bẹ́ríìnì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì wo síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ sísọ kalẹ̀ yẹn ju owó bẹ́ríìnì lọ. Ẹ má fi ọwọ́ ọlọ́ràá kan ojú díísìkì, gíríìsì bíńtín lórí eyín ihò àárín rẹ̀ ti tó. Nígbà tí wọ́n bá ń gbé jíábọ́ọ̀sì padà, ẹ fi jáàkì gbé e títí yóò fi wọlé tán. Bí wọ́n bá jẹ́ kó so rọ̀ sórí díísìkì, díísìkì tuntun á ká, kílọ́ọ̀ṣì kò sì ní jọ̀wọ́ dáadáa láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Kébù máa ń ṣèkìlọ̀ kó tó já: kílọ́ọ̀ṣì á le ju ti tẹ́lẹ̀, á máa dún kìnrìnkìnrìn, okùn irin kọ̀ọ̀kan á sì máa hu bí irun ní ìdí rẹ̀. Ẹ ní òmíràn sínú búùtù. Bí ó bá sì já lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ á kàn rì lọ ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ṣì lè dé ibi ààbò, nítorí mímú yíyí ẹ́ńjìnnì bá ti taya mu, tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀, kò nílò kílọ́ọ̀ṣì rárá. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi sí jíà kínní, ẹ rí i pé iwájú ṣí sílẹ̀, ẹ ṣíná. Sítátà á fa ọkọ̀ lọ síwájú, ẹ́ńjìnnì á sì gbà. Láti wọ kejì, ẹ gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ lórí tọ̀rótù, ọ̀pá jíà á jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ sí fíríì. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì ti ń wálẹ̀, ẹ fi ìka méjì tì í sí kejì láìfi agbára; ní ìgbà tí méjèèjì bá bára mu, á wọlé. Bí ó bá kọjá tí kò wọlé, ẹ ta tọ̀rótù díẹ̀ kí ẹ sì tún dúró dè é. Láti dúró, ẹ fà á sí fíríì kí ẹ tó tẹ búréèkì tán. Ẹ má ṣe gbìyànjú rẹ̀ láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tàbí lórí òkè, torí gbogbo ìgbà tí ẹ bá dúró ni sítátà àti bátìrì ń san owó rẹ̀. Bí ẹ bá ti dé ibi tó tẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ pa á, ẹ fa hánbúréèkì, ẹ fi sí jíà kínní, ẹ sì gbé ohun tí wọ́n fi ń dí taya kó má yí síwájú taya kan kí ẹ tó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ so kébù tuntun.